Àwòṣe Ìkarahun Onípele Nínú Kọ̀ǹpútà: Ohun tí Àwọ̀n Ìṣirò Ń Rí àti Ohun tí Kì í Rí

0.0 Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá wo ìkarahun ìgbín, èèpo ẹyin tàbí igbá tí a ti gbẹ́, yóò rí i pé ohun tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbé ẹrù tí ó pọ̀ ju bí ìnípọn rẹ̀ ti fi hàn lọ. Ìrísí rẹ̀ ni ó ń bá a gbé ẹrù náà. Ara tí ó tẹ̀ yípo ni ó ń pín in káàkiri. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ara ọkọ̀ òfúrufú, ìgò gáàsì, ara ọkọ̀ ojú omi àti abẹ̀bẹ̀ ńláńlá tí ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, alumíníọ́ọ̀mù ni ó gbilẹ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ Boeing 787, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2009, nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni ó jẹ́ ohun èlò alápapọ̀, fọ́nrán kábọ́ọ̀nù inú oje líle ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan bí irin. Ìpele lórí ìpele ni a fi ń kọ́ ọ, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí fọ́nrán inú rẹ̀ kọrí sí. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá apá ọkọ̀ òfúrufú kan yóò gbé ẹrù tí a fẹ́ kí ó gbé kò lè fi gègé àti ìwé nìkan ṣírò rẹ̀ dé òpin. Kọ̀ǹpútà ni ó ń bá a ṣe é, pẹ̀lú ètò ìṣirò bíi NASTRAN, ANSYS tàbí Abaqus.

Iṣẹ́ yìí dá lé orí bí a ti ń ṣe àwòṣe irú ìkarahun onípele bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Kókó tí ó dúró lé ni pé àwọn ohun tí a gbà ní òótọ́ kí ìṣirò náà lè rọrùn ni wọ́n sábà máa ń fi ibi tí ìkarahun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ pamọ́. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí àwọ̀n ìṣirò kì í rí lè ka àwòrán aláwọ̀ mèremère tí kọ̀ǹpútà gbé jáde sí ẹ̀rí pé kò séwu, nígbà tí ewu wà níbẹ̀.

1.0 Àlàyé Ọ̀rọ̀

Ó di dandan kí a la ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan kí àlàyé tó gùn.

(a) Fọ́nrán àti oje: Fọ́nrán ni okùn tín-ín-rín, ti kábọ́ọ̀nù tàbí ti gíláàsì, tí ń gbé ẹrù. Oje ni ohun tí ó gan mọ́ fọ́nrán lára tí ó sì mú wọn pọ̀. Bí a bá fi ìgbálẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, igi ìgbálẹ̀ ni fọ́nrán, okùn tí ó dì wọ́n ni oje. Igi kan ṣoṣo kò le. Ìdìpọ̀ ni agbára wà.

(b) Ìpele: Ìpele ni awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó jẹ́ fọ́nrán àti oje. Nínú iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, ìnípọn ìpele kan sábà máa ń wà láàrin 0.125 àti 0.25 mìlímítà.

(d) Ìkọrísí: Èyí ni igun tí fọ́nrán inú ìpele fi kọrí sí ibì kan. A ń pe òró ní 0°, ìdábùú ní 90°, àárín méjèèjì ní 45°.

(e) Ìtò ìpele: Èyí ni bí a ti to ìpele lé ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìtò [0/90/90/0] túmọ̀ sí pé ìpele mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, àwọn méjì tí ó wà lóde lọ ní òró, àwọn méjì tí ó wà láàrin lọ ní ìdábùú.

(ẹ) Abala, oríkèé àti àwọ̀n: Nínú ọ̀nà ìṣirò tí Ray Clough fún ní orúkọ finite element ní ọdún 1960, a máa ń gé ohun tí a fẹ́ ṣírò sí wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ yìí pè ní abala. Ibi tí àwọn abala ti so mọ́ ara wọn ni oríkèé. Gbogbo wọn lápapọ̀ ni àwọ̀n. Kọ̀ǹpútà a kọ́kọ́ wá bí oríkèé kọ̀ọ̀kan yóò ti sún kúrò ní ipò rẹ̀ bí ẹrù bá dé. Láti inú ìsúnkúrò yìí ni yóò ti wá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú abala.

(f) Ipá inú, ìnà àti ìwọ̀n líle: Ipá inú ni agbára tí ó wà lórí ìwọ̀n ààyè kan nínú ohun èlò. Ìnà ni bí ohun èlò náà ti gùn sí i tàbí kúrú sí i, bí a bá fi wé gígùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iye tí ó so méjèèjì pọ̀ ni ìwọ̀n líle, GPa sì ni a fi ń kà á.

2.0 Ìdí tí a fi ń lo Abala Ìkarahun

Ọ̀nà méjì gbòógì ni a lè gbà ṣe àwòṣe ohun onípele. Èkíní ni kí a fi abala tí ó ní òró, ìbú àti ìnípọn kọ́ ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkejì ni kí a fi abala ìkarahun kan ṣoṣo rọ́pò gbogbo ìpele tí ó wà ní ojú kan, kí a sì sọ ìtò ìpele náà fún kọ̀ǹpútà bí ìròyìn.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn. Bí pátákó kan bá fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì gùn ní mítà kan, tí ó ní ìpele 40, tí ìnípọn ìpele kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.2 mìlímítà, abala inú ọ̀nà kìíní kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù bí a kò bá fẹ́ kí ìrísí rẹ̀ ba ìṣirò jẹ́. Bí a bá jẹ́ kí ó fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìnípọn rẹ̀, èyí ni mìlímítà 2, abala 500 ni yóò wà ní òró, 500 ní ìbú, 40 ní ìnípọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,000,000. Nínú ọ̀nà kejì, abala tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 10 tó fún irú pátákó bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 10,000. Pátákó kan ṣoṣo sì ni èyí; apá ọkọ̀ òfúrufú kan ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀.

Kí abala ìkarahun tó lè ṣe iṣẹ́ yìí, a ní láti gba àwọn ohun kan ní òótọ́. Gustav Kirchhoff ní ọdún 1850 àti Augustus Love ní ọdún 1888 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ìlà tí ó dúró gbọnrangandan láti ìsàlẹ̀ ìkarahun dé òkè rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ ìlà tí ó tọ́ lẹ́yìn tí ìkarahun bá ti tẹ̀, yóò sì ṣì dúró gbọnrangandan sí ojú rẹ̀. Ìnípọn kì í yí padà, bẹ́ẹ̀ ni a ka ipá inú tí ń fa ìpele kúrò lára ìpele sí òfo. Eric Reissner ní ọdún 1945 àti Raymond Mindlin ní ọdún 1951 dẹ okùn náà díẹ̀: ìlà náà ṣì tọ́, ṣùgbọ́n ó lè fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọdún 1970 ni Ahmad, Irons àti Zienkiewicz fi irú èrò yìí kọ́ abala tí ó lè tẹ̀ bí ìkarahun gidi, púpọ̀ nínú abala tí àwọn ètò ìṣirò òde òní ń lò sì jẹ́ ìran rẹ̀.

Ó ṣe pàtàkì kí òǹkàwé fi èyí tí ó sọ pé ipá inú láàrin ìpele jẹ́ òfo sọ́kàn. Òun ni ọ̀rọ̀ yóò padà dé bá ní ìpín 6.0.

3.0 Ìtò Ìpele àti Àyẹ̀wò Ọlọ́wọ́

Ohun kìíní tí kọ̀ǹpútà ń béèrè ni ìtò ìpele. Kì í ṣe iye ìpele nìkan ni ó ṣe kókó, àyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà pẹ̀lú ṣe kókó.

Bí a bá mú fọ́nrán kábọ́ọ̀nù inú oje epoxy, irú èyí tí ìwọ̀n líle rẹ̀ tó 140 GPa ní òró fọ́nrán, tí kò sì ju 10 GPa lọ ní ìdábùú, tí a fi ìpele mẹ́rin rẹ̀ kọ́ pátákó méjì. Ìnípọn ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.25 mìlímítà. Ìtò pátákó kìíní ni [0/90/90/0]. Ti èkejì ni [90/0/0/90]. Ìwúwo wọn dọ́gba, ìpele wọn dọ́gba, owó tí a ná sí wọn dọ́gba. Bí a bá fà wọ́n ní òró, ìwọ̀n líle àwọn méjèèjì jẹ́ àárín 140 àti 10, èyí ni 75 GPa. Títí dé ibí yìí, kò sí ìyàtọ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà tí pátákó bá tẹ̀, àárín rẹ̀ kì í nà, òde rẹ̀ ni ó ń nà jù. Nítorí náà, ìpele méjì tí ó wà lóde ni ó ń ṣe ìdá 7 nínú 8 iṣẹ́ náà. Àwọn méjì tí ó wà láàrin ń ṣe ìdá 1 nínú 8. Fún pátákó kìíní, ìdá 7 nínú 8 ti 140 pẹ̀lú ìdá 1 nínú 8 ti 10 jẹ́ 123.75 GPa. Fún èkejì, ìdá 7 nínú 8 ti 10 pẹ̀lú ìdá 1 nínú 8 ti 140 jẹ́ 26.25 GPa. Èkíní le ju èkejì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 4.7. Ẹni tí ó bá ṣi ìtò ìpele kọ sínú kọ̀ǹpútà ti yí ohun tí ó ń ṣírò padà pátápátá, kọ̀ǹpútà kò sì ní bá a jiyàn. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni, ìrì ni yóò wó o.

Àǹfààní irú ìṣirò ọlọ́wọ́ báyìí ni pé ó ń fún oníṣẹ́ ní iye kan tí yóò fi dán kọ̀ǹpútà wò. Bí kọ̀ǹpútà bá mú 26 wá níbi tí ọwọ́ ti mú 123 wá, a kò gbọdọ̀ tẹ̀síwájú.

Àwọn ètò ìṣirò a máa kó ìwọ̀n líle gbogbo ìpele jọ sínú àtẹ mẹ́ta tí a ń pè ní A, B àti D. Àtẹ A ń sọ bí pátákó ti ń nà. Àtẹ D ń sọ bí ó ti ń tẹ̀. Àtẹ B ń sọ bí nínà ti ń fa títẹ̀. Ní ọdún 1961 ni Reissner àti Stavsky ṣàlàyé àsopọ̀ yìí. Bí ìtò ìpele bá dọ́gba láti àárín lọ sí òkè àti sí ìsàlẹ̀, àtẹ B di òfo. Bí kò bá dọ́gba, bí irú [0/90], bí a bá fà á, yóò ká.

Kódà, kò dìgbà tí a bá fà á. Inú ooru ni a ti ń mú kí oje náà le, bí ó bá sì ti ń tutù, ìpele òró àti ìpele ìdábùú kì í sún kì ní ìwọ̀n kan náà. Ìṣirò tí ó gbà pé ìsúnkúrò kéré yóò sọ pé pátákó [0/90] náà yóò tẹ̀ bí gàárì ẹṣin. Ní ọdún 1981, Michael Hyer fi hàn pé bí irú pátákó bẹ́ẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, kì í dà bí gàárì rárá. Bí ẹní tí a ká díẹ̀ ni ó ń rí. Ohun tí ó fà á ni pé ìsúnkúrò rẹ̀ ti ju ìnípọn rẹ̀ lọ, èyí tí ìṣirò alákọ̀ọ́kọ́ kò kà kún. Bí a kò bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó ka ìsúnkúrò ńlá kún, gàárì ni yóò máa yà fún wa, yóò sì yà á dáadáa.

4.0 Ìkọrísí lórí Ara tí ó Tẹ̀

Lórí pátákó pẹrẹsẹ, ó rọrùn láti mọ ibi tí 0° wà. Lórí ìkarahun, ibi tí a dúró sí ni yóò sọ ọ́. Abala kọ̀ọ̀kan ní òró tirẹ̀, ètò ìṣirò a sì máa yan òró yìí láti inú bí a ti to nọ́ḿbà oríkèé bí a kò bá fún un ní ìtọ́ka mìíràn. Abala méjì tí ó fara kan ara wọn lè máa pe ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní 0°. Ìpele kan náà yóò wá lọ ní òró nínú ọ̀kan, yóò lọ ní ìdábùú nínú èkejì.

Abala tún ní iwájú àti ẹ̀yìn. Láti ẹ̀yìn lọ sí iwájú ni kọ̀ǹpútà ti ń ka ìpele. Bí abala kan bá dojú kọ òde tí èkejì dojú kọ inú, ìpele ìsàlẹ̀ ti di ti òkè, igun 45° sì ti di òdì. Bí ìtò ìpele bá dọ́gba, a lè má tètè mọ̀ pé abala ti yí ojú padà. Bí kò bá dọ́gba, gbogbo ìṣirò ti bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti fọ́nrán gan-an. Bí a bá fi aṣọ híhun bo igbá tí a dà dé, aṣọ náà kì í jókòó lé e láìsí ìyípadà: ní àwọn ibì kan òwú òró àti òwú ìdábùú kò ní pàdé ní igun 90° mọ́, ní ibòmíràn aṣọ yóò hunjọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìpele fọ́nrán ń ṣe lórí ìkarahun tí ó tẹ̀ ní òró àti ní ìbú. Ẹni tí ó kọ 0° àti 90° sínú àwòṣe ń ṣírò ohun tí ó wà lórí ìwé. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ sórí àpẹrẹ lè jẹ́ 80° ní ibì kan. Ìdí nìyí tí ètò ìṣirò kan fi wà fún ìtẹ́lélẹ̀ aṣọ nìkan, tí yóò sọ igun tòótọ́ fún abala kọ̀ọ̀kan kí ìṣirò ẹrù tó bẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò tí ó wúlò kò nira. Kí a ní kí kọ̀ǹpútà ya ọfà ìkọrísí sórí abala gbogbo. Kí a wo àwọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn. Kí a sì fi ìwúwo àwòṣe wé ìwúwo ohun gidi tí a gbé sórí òṣùwọ̀n. Bí ìpele kan bá sọnù, òṣùwọ̀n yóò tú àṣírí rẹ̀.

5.0 Ìyọ̀ láàrin Ìpele

Bí a bá mú ìwé tí kò ní lẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, tí a tẹ̀ ẹ́, ojú ewé á máa yọ̀ lórí ara wọn. Bí a bá fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ wọ́n pọ̀, ìyọ̀ náà dínkù, ṣùgbọ́n kò tán. Nínú irin, ìyọ̀ yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè gbójú fò ó nínú ohun tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú ohun onífọ́nrán, oje ni ó ń dènà ìyọ̀ láàrin ìpele, oje kò sì le tó fọ́nrán.

Fún ọ̀pá tí a gbé orí méjèèjì rẹ̀ lé nǹkan, tí a sì di ẹrù lé ní àárín, bí ìtẹ̀sílẹ̀ tí ìyọ̀ fà ti tó sí ìtẹ̀sílẹ̀ tí títẹ̀ fà jẹ́ 1.2 × ìwọ̀n líle òró ÷ ìwọ̀n líle ìyọ̀ × (ìnípọn ÷ gígùn)². Fún irin, ìwọ̀n líle òró jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 2.6 ti ìyọ̀. Fún fọ́nrán kábọ́ọ̀nù tí gbogbo ìpele rẹ̀ kọrí sí ibì kan, bí ti òró bá jẹ́ 140 GPa tí ti ìyọ̀ sì jẹ́ 5 GPa, ìlọ́po 28 ni. Bí gígùn bá jẹ́ ìlọ́po 10 ìnípọn, ìyọ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 kún ìtẹ̀sílẹ̀ irin. Yóò fi nǹkan bí ìdá 34 nínú 100 kún ti kábọ́ọ̀nù. Bí gígùn bá wá di ìlọ́po 50 ìnípọn, ti kábọ́ọ̀nù náà kò ju ìdá 1.3 nínú 100 lọ mọ́.

Ìtumọ̀ èyí ni pé abala Kirchhoff àti Love, tí kò mọ ìyọ̀, tó fún ìkarahun tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n yóò tan ènìyàn jẹ níbi tí ìkarahun bá nípọn tàbí tí ó kúrú. Abala Reissner àti Mindlin ni ó yẹ níbẹ̀. Ìwọ̀n tí a bá fi ya tẹ́ẹ́rẹ́ sọ́tọ̀ fún irin kò ṣe é lò fún ohun onífọ́nrán.

6.0 Ibi tí Àwọ̀n Kì í Rí

Nínú gbogbo ohun tí ìpín 2.0 gbà ní òótọ́, èyí tí ó sọ pé kò sí ipá inú tí ń fa ìpele kúrò lára ìpele ni ó léwu jù. Ní àárín pátákó, òótọ́ ni tàbí ó sún mọ́ òótọ́. Ní etí pátákó, ní etí ihò, ní ibi tí ìpele ti dópin àti ní ibi tí ọ̀pá agbéró ti parí, irọ́ ni. Byron Pipes àti Nicholas Pagano fi hàn ní ọdún 1970 pé bí a bá fa pátákó onípele, ìpele tí ìkọrísí wọn yàtọ̀ kì í fẹ́ nà bákan náà, ìjà wọn a sì máa jáde ní etí bí ipá láàrin ìpele. Agbègbè rẹ̀ kò tóbi. Kì í sábà ju bí ìnípọn pátákó náà ti tó lọ láti etí wọnú. Abala ìkarahun tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 10 kò lè rí i. Bí ó tilẹ̀ kéré sí i, a kò kọ́ ọ láti wò ó. Oje nìkan ni ó wà níbẹ̀ láti dúró de ipá náà, kò sí fọ́nrán kankan tí ó rìn láti ìpele kan sí èkejì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Boeing 787 jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn sí gbogbo ayé. Ní ọdún 2009, kí ọkọ̀ náà tó fò rárá, ilé-iṣẹ́ náà gbé ọkọ̀ kan kalẹ̀ fún àyẹ̀wò lórí ilẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tẹ apá rẹ̀ sókè. Ní ibi tí apá ti so mọ́ ara ọkọ̀, ohun tí a fi ń wọn ìnà fi iye tí ó ga ju èyí tí àwòṣe kọ̀ǹpútà sọ tẹ́lẹ̀ lọ hàn. Ìpele ti ń ṣí kúrò lára ara wọn ní òpin àwọn ọ̀pá agbéró tí ó gun awọ òkè apá náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ìfò àkọ́kọ́, tí ó kù díẹ̀ kí ó wáyé, kò ní lè wáyé mọ́ títí wọn yóò fi fún agbègbè náà lókun.

Ó yẹ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Apá náà lápapọ̀ kò ṣe ohun àìròtẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán kò kúrú agbára. Ibi kékeré ni ọ̀rọ̀ ti yọ: òpin ọ̀pá. Ẹrù tí ó ti ń bá ọ̀pá náà bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn dé ibi tí ọ̀nà parí, ó sì ní láti fò lójijì wọnú ohun mìíràn. Ibi tí ẹrù bá ti fò báyìí, ipá láàrin ìpele a ga. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe bá èyí mu: wọ́n gé òpin ọ̀pá náà ní ìrísí U kí ẹrù má bàa kó jọ síbẹ̀, wọ́n sì fi bóòtù titanium kún un kí ẹrù lè gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn àtúnṣe yìí ni ọkọ̀ náà fò ní oṣù Kejìlá ọdún 2009. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, nínú àyẹ̀wò tí ó le jù, apá náà gbé ẹrù tí ó jẹ́ ìdá 150 nínú 100 èyí tí ó pọ̀ jù tí a retí pé yóò bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Ó tẹ̀ sókè tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25, kò sì kán. Ní ọdún 2011 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò.

Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àyẹ̀wò lórí ilẹ̀ kì í ṣe àpọ́nlé tí a ń ṣe lẹ́yìn tí ìṣirò bá ti parí. Òun ni ojú tí ó ń wo ibi tí àwọ̀n kò lè wò. Bí kì í bá ṣe òun, òfúrufú ni à bá ti gbọ́ ìròyìn náà.

Kọ̀ǹpútà náà kò ṣaláìní ọ̀nà láti wo irú ibẹ̀, bí a bá mọ̀ pé ó yẹ kí a wò ó. A lè gé agbègbè kékeré náà jáde láti inú àwòṣe ńlá, kí a fi abala onínípọn kọ́ ìpele rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ìsúnkúrò tí àwòṣe ńlá mú wá tì í ní etí. A tún lè fi abala alálẹ̀mọ́ sáàrin ìpele, irú èyí tí ó ń di ìpele mú títí ipá yóò fi kọjá ìwọ̀n, tí yóò sì wá máa tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà mìíràn, tí Rybicki àti Kanninen gbé kalẹ̀ ní ọdún 1977, ń ṣírò agbára tí ó ń jáde bí ìlà ìyapa bá gùn sí i díẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ń béèrè kí oníṣẹ́ ti mọ ibi tí ó yẹ kí ó fojú sí.

7.0 Ìwọ̀n Bíbàjẹ́ àti Ìtẹ̀wọnú

Ohun méjì kù tí a kò gbọdọ̀ fò. Èkíní ni bí kọ̀ǹpútà ti ń sọ pé ìpele ti bàjẹ́. Ìlànà kan kò sí tí gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan lé. Ìlànà tí Tsai àti Wu gbé jáde ní ọdún 1971 ń kó gbogbo ipá inú ìpele jọ sí iye kan. Bí iye náà bá dé 1, ìpele ti bàjẹ́. Kò sọ bóyá fọ́nrán ni ó já tàbí oje ni ó sán. Ti Zvi Hashin, ní ọdún 1980, ya fọ́nrán sọ́tọ̀ kúrò lára oje, ó sì ya fífà sọ́tọ̀ kúrò lára títẹ̀mọ́ra. Nígbà tí Hinton, Kaddour àti Soden kó àwọn tí ó gbé ìlànà kalẹ̀ jọ láti ṣírò àwọn àpẹẹrẹ kan náà, kí a tó fi èsì wọn wé ti àyẹ̀wò gidi, ìyàtọ̀ àárín ìlànà kan sí èkejì pọ̀ gan-an. Nítorí náà, iye kan ṣoṣo láti inú ìlànà kan ṣoṣo kò tó láti fi ṣe ìdájọ́.

Èkejì ni ìtẹ̀wọnú. Bí a bá tẹ ìkarahun tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí, ó lè tẹ̀ wọnú lójijì kí ohun èlò rẹ̀ tó bàjẹ́ rárá. Ìṣirò fún ìkarahun tí kò ní àbùkù ń mú iye ńlá wá. Warner Koiter fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún 1945 pé àbùkù kékeré nínú ìrísí lè já iye yẹn wálẹ̀ gidigidi. Ìwé ìtọ́sọ́nà NASA tí a ń pè ní SP-8007, èyí tí ó jáde ní ọdún 1965 tí a sì tún ṣe ní ọdún 1968, fi ìwọ̀n kan lélẹ̀ fún òpó oníhò tí a fi irin ṣe: bí ìdajì ìbú rẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po 1,000 ìnípọn rẹ̀, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ju nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 iye tí ìṣirò aláìlábùkù mú wá. Ìkarahun onípele kò bọ́ nínú òfin àbùkù yìí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fi àbùkù tirẹ̀ kún un, bí ìpele tí ó ṣẹ́ po, àlàfo láàrin awẹ́ fọ́nrán àti ìnípọn tí kò dọ́gba. Àwòṣe tí kò bá ní àbùkù nínú ń ṣírò ìkarahun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ṣíṣe àwòṣe ìkarahun onípele ní ètò tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé. Kí a kọ ìtò ìpele bí ó ti rí gan-an, kí a sì fi ìṣirò ọlọ́wọ́ dán an wò. Kí a rí i dájú pé abala gbogbo mọ ibi tí òró rẹ̀ wà àti ojú tí ó kọ sí. Kí a wo bí ìnípọn ti tó sí gígùn kí a tó yan abala. Kí a wá gbogbo etí, ihò, òpin ìpele àti òpin ọ̀pá rí, kí a sì wò wọ́n lọ́tọ̀. Kí a fi àbùkù sínú ìrísí kí a tó sọ ohun tí yóò gbé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí a fi ohun gidi sábẹ́ ẹrù gidi.

Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe bí a kò bá ní kí ó ṣe é. Kọ̀ǹpútà ń dáhùn ìbéèrè tí a bi í, kì í sọ fún ni pé ìbéèrè mìíràn ni ó yẹ kí a bi. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì ni ó mú kí ọkọ̀ kan dúró lórí ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan ní ọdún 2009, kí ó má bàa jẹ́ pé nígbà tí ó bá gbé èrò lọ sókè ni a óò tó mọ̀.